Ojú Ọgbẹ́ Ti Jinná, Ó Ku Eegun: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Abẹ Ṣóńṣó Gbòǹgbò Eyín Kan

Màmá yìí ò tíì jókòó dáadáa sórí àga tí wọ́n ti fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́. "Dókítà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Ó máa wú, ó máa bẹ́, ó tún máa pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu mi máa ń níyọ̀ láàárọ̀." Lórí erìgì, nísàlẹ̀ eyín kẹfà lápá òsì ìsàlẹ̀, oówo kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Mo fi òwú tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ọyún sì bá òwú náà jáde.

Ẹni ọdún 54 ni wọ́n, oníṣòwò aṣọ n'Íbàdàn. Wọ́n gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i kà, mo sì ti yọ ohun tó lè jẹ́ kí èèyàn dá wọn mọ̀ kúrò. Gbólóhùn kan tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ló mú mi kọ ọ́: "Kò dùn mí mọ́, ó ti san." Eyín lè dákẹ́ fún ọdún márùn-ún kí eegun abẹ́ rẹ̀ máa jẹrà lọ. Màmá yìí fúnra wọn fẹ́ẹ̀ má padà wá mọ́ nítorí gbólóhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ ti kù jù lọ ni a wà nígbà náà.

Ọdún méje ṣáájú ni wọ́n ti ṣe root canal, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín àti dídí i pa, sí eyín ọ̀hún níbòmíì. Wọ́n fi irin gún gbòǹgbò ẹ̀yìn, wọ́n sì dé e ní kíráùn. X-ray tí mo yà fi ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún màmá rí: ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò ti kán sínú gbòǹgbò iwájú, ìwọ̀n mìlímítà 2 rẹ̀ ló há sí ṣóńṣó. Ayùn yẹn lè kán mọ́ dókítà èyíkéyìí lọ́wọ́. Ó ti kán mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò sọ fún un. Bí èèyàn bá mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, á mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá ò mọ̀, nítorí náà kẹ́míìsì ni wọ́n ń gbà lọ ní gbogbo ìgbà tí oówo náà bá wú. Wọ́n á ra oògùn apakòkòrò ọlọ́jọ́ márùn-ún, á lọ sílẹ̀, á tún padà.

Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn báyìí: inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn máa ń gbà dé ibi tó ń lọ. Inú gbòǹgbò tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀. Oògùn lè lé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó jáde sínú eegun, àmọ́ kò lè bá èyí tó fi inú gbòǹgbò ṣe ilé. Bí oògùn bá ti tán, wọ́n á tún jáde.

Mo ti ọ̀pá gutta-percha tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tó máa ń hàn lórí x-ray, bọ ojú oówo náà títí tó fi dúró fúnra rẹ̀, mo sì tún ya x-ray. Ọ̀pá náà wọ́ lọ tààrà sí ṣóńṣó gbòǹgbò iwájú. Mo wọn etí erìgì yí eyín náà ká: kò sí ibi tó jìn ju mìlímítà 3 lọ. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí bí gbòǹgbò bá ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibì kan á jìn lójijì, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè gba eyín bẹ́ẹ̀ là. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára màmá, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Súgà wọn dára.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè yọ eyín náà. A lè tú kíráùn àti irin inú rẹ̀, ká tún root canal ṣe láti òkè. A sì lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, ká gé ṣóńṣó gbòǹgbò náà kúrò, ká dí ẹnu rẹ̀ láti abẹ́. Ọ̀nà kejì ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ rò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú gbòǹgbò ẹ̀yìn gùn, ó nípọn, fífà á yọ lè la eyín náà. Ayùn tó kán sì ti kọjá ibi tí gbòǹgbò ti tẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè dé ibẹ̀ láti òkè láì ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Màmá fúnra wọn dá mi lóhùn lórí ti yíyọ: "Wọ́n ti yọ méjì lápá ọ̀tún. Apá òsì yìí ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ bá yọ ọ́, kí ni mo máa fi jẹ ẹran?"

Àwòrán CBCT, x-ray tó ń fi eyín àti eegun hàn láti gbogbo ìhà, ló sọ ohun tójú ò rí. Èkó ni wọ́n lọ yà á, torí ẹ̀rọ tó wà nítòsí wa ò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nínú rẹ̀, òkùnkùn kan yí ṣóńṣó gbòǹgbò iwájú ká, mìlímítà 7 ní gígùn, 6 ní fífẹ̀. Eegun tó bò ó lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ nípọn tó mìlímítà 4, kò sì lu, àfi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọyún ń gbà jáde níwájú. Iṣan ńlá tó ń gba inú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kọjá, èyí tó ń jẹ́ kí ètè àti àgbọ̀n mọ nǹkan lára, wà ní mìlímítà 3 péré sí ìsàlẹ̀ ṣóńṣó náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyẹn ṣe le tó. Ní eyín iwájú lókè, eegun tinrin ló bo gbòǹgbò. Nígbà mìíràn ọyún ti jẹ ẹ́ lu, bí o bá ṣí erìgì, ihò ti wà níbẹ̀ tó ń pè ọ́. Ní eyín kẹfà ìsàlẹ̀, bí o bá ṣí erìgì, eegun funfun gbalaja lo máa rí, kò sí àmì. O máa fojú inú wọn ibi tí gbòǹgbò wà, wàá máa gbẹ́, wàá máa wò. Nígbà àtijọ́, ihò tí a máa ń gbẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà 8 sí 10 torí pé à ń wá nǹkan. Bí microscope ti dé, ó wá sí 3 tàbí 4. Ṣùgbọ́n microscope kò lè fi ohun tó wà lẹ́yìn eegun hàn ọ́. Ọ̀rọ̀ wíwá ibẹ̀ ṣì kù, pẹ̀lú iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní mìlímítà 3.

Ibẹ̀ ni atọ́nà, ike tó ń tọ́ irinṣẹ́ sọ́nà lọ síbi tó yẹ, ti wúlò. Ní ọdún 2018, àwọn dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà tẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn mẹ́ta jáde tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí fún pẹ̀lú atọ́nà tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ àti trephine, páìpù irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn. Mo ti kà á nígbà tó jáde. Ó pẹ́ kí ọwọ́ wa tó tẹ irinṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún lọ báyìí: a fi ohun rírọ̀ kan tẹ eyín màmá kó lè gba àpá rẹ̀, a da POP sínú àpá náà, a ya àwòrán POP náà sínú kọ̀ǹpútà, a sì gbé e lé àwòrán CBCT títí eyín orí èkíní fi bá ti èkejì mu. Mo wá fa ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà láti ara eegun lọ sí gbòǹgbò, tó gé mìlímítà 3 kúrò ní ṣóńṣó rẹ̀ tí kò sì sún mọ́ iṣan. Lórí ìlà yẹn ni a ṣe ike kan tó gun orí eyín márùn-ún, tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí trephine lè gbà, tó sì ní ibi tí trephine á ti dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti jìn tó.

Ìdí tó fi jẹ́ 3 ni pé ibi tí àwọn ẹ̀ka kéékèèké gbòǹgbò pọ̀ sí jù ni mìlímítà mẹ́ta ìsàlẹ̀ yẹn. Syngcuk Kim ní Yunifásítì Pennsylvania ló fi nọ́ńbà sí i: bí a bá gé 3, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀ka ṣóńṣó ti lọ, àti ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi oògùn chlorhexidine yọ́ ẹnu. Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, díẹ̀díẹ̀, torí adrenaline tó wà nínú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sókè. Mo la erìgì, mo ká a sẹ́yìn. Bí mo ti wí náà ló rí: eegun funfun, kò sí àmì gbòǹgbò kankan.

Mo gbé atọ́nà lé eyín. Mo ti ní kí wọ́n dá fèrèsé kéékèèké sí i lókè kí n lè máa wo orí eyín láti inú wọn. Fèrèsé àkọ́kọ́, ó jókòó dáadáa. Ìkejì, dáadáa. Ní ìkẹta, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan láàárín ike àti eyín, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà, ó ti wọlé o." Mo ní kò tíì wọlé. Mo yọ ọ́, mo gbé e sábẹ́ microscope, mo sì rí i: inú ike náà ní kókó kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú POP wa ti fi ihò kan sára rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì rò pé bí eyín ṣe rí nìyẹn, ike wá kún ihò ọ̀hún.

Kókó tí kò tó nǹkan lókè, àmọ́ ẹ fojú inú wo igi gígùn kan tí ẹ gbé òkúta kékeré sábẹ́ ìdí rẹ̀: orí rẹ̀ ló máa yà jù. Ṣóńṣó gbòǹgbò jìnnà sí orí eyín. Yíyà kékeré yẹn lókè lè di odindi mìlímítà nísàlẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ iṣan tí mo ní mìlímítà 3 péré sí. Mo fá kókó náà kúrò, mo tún gbé atọ́nà lé e. Ó dún "kọ́" bó ṣe jókòó. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti lọ. Bí mo bá ní ohun kan láti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó ń fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí, òun nìyí: ẹ wo gbogbo fèrèsé, ẹ má ṣe gba ike gbọ́ torí pé kọ̀ǹpútà ló yà á.

Trephine wọlé pẹ̀lú omi iyọ̀ tútù tó ń ṣàn sí i lójú, torí eegun tó bá gbóná á kú, eegun tó kú kì í hù padà. Ó dúró níbi tí mo ti ní kó dúró. Mo fà á jáde, ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: eegun, ẹran pupa rírọ̀ tí ọyún ti sọ dà, àti ṣóńṣó gbòǹgbò. Mo gbé e sórí aṣọ funfun. Nínú ṣóńṣó náà, irin kan ń dán, tẹ́ẹ́rẹ́ ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Ọdún méje ló ti wà níbẹ̀.

Ó lè dà bíi pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn nìyẹn. Èmi náà fẹ́ẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Mo gbẹ ojú gbòǹgbò tí mo gé, mo fi aró búlúù díẹ̀ pa á, mo ṣàn án, mo wò ó lábẹ́ microscope. Gbòǹgbò iwájú eyín kẹfà ìsàlẹ̀ ní ọ̀nà méjì nínú, ọ̀kan lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan lápá ahọ́n. Aró náà ya àmì yíká àwọn méjèèjì, ó sì tún fa ìlà búlúù kan láti ọ̀kan dé èkejì. Ọ̀nà tóóró kan ló so wọ́n pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ rí, tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó dí i. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń jáde. Irin tó kán yẹn ò ṣe nǹkan kan ju pé ó dínà mọ́ dókítà àkọ́kọ́ lọ. Ká ní mo yọ irin nìkan, kí n rán erìgì padà, oówo ì bá padà wá kí ọdún tó yí po.

Mo fi ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kíkan gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì àti ìlà àárín wọn wọlé ní mìlímítà 3, mo sì fi MTA dí i pa. Ìdílé kan náà ni MTA pẹ̀lú símẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé. Mahmoud Torabinejad ló mú un jáde ní Yunifásítì Loma Linda ní Kalifóníà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Omi kì í bà á jẹ́, omi gan-an ló ń jẹ́ kó le, eegun sì máa ń hù sún mọ́ ọn láì bínú sí i. Mo rán erìgì padà pẹ̀lú okùn tó tinrin. Ẹran tí a yọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì dé pé wíwú tí kòkòrò àìfojúrí fà lásán ni, kò sí nǹkan búburú kan nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n fi ìka kan ètè ìsàlẹ̀ lápá òsì. "Ó mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. Mo lè sùn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú lọ́jọ́ kejì, ó lọ lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ kẹrin yẹn ni mo yọ okùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojú oówo ti dí, a ò rí ipò rẹ̀ mọ́. Iyọ̀ ẹnu ti lọ. Oṣù kẹta pé, màmá ò wá. Mo pè wọ́n, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú: "Dókítà mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi bù kún yín. Kò dùn mí mọ́, ó ti san. Kí ni mo tún ń bọ̀ wá ṣe?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní: "Mà, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun lọ́dà ni ẹ ń wò yẹn. Ògiri inú ṣì ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n fojú rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá.

Ohun tí mo ń wá nìyí. Bí a ti rán erìgì, ẹ̀jẹ̀ kún ihò inú eegun, ó dì, eegun tuntun sì ń hù láti etí ihò wá sí àárín. Kì í tètè ṣẹlẹ̀. X-ray oṣù kẹta kò fẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ò sì já mi láyà. Ní oṣù kẹfà, òkùnkùn tó jẹ́ mìlímítà 7 ti di bíi 3, etí rẹ̀ ti rú bí ìkùukùu tó ń túká. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ohun tí mo lè kọ ni pé ó ń lọ síbi tó dára. Mi ò lè kọ pé ó jinná.

Òṣùwọ̀n tí à ń lò lórí x-ray ti wà tipẹ́. Rud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1972, Molven àti àwọn tirẹ̀ tún un ṣe ní 1987. Ipò mẹ́rin ló ní: èyí tó jinná pátápátá, èyí tó jinná tó fi àpá sílẹ̀ nínú eegun, èyí tí a ò tíì lè sọ, àti èyí tí kò jinná. Ẹni tó bá wà ní ipò kẹta lọ́dún kan, a gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e, ó lè tó ọdún mẹ́rin.

Ní oṣù kejìlá, mo gbé àwòrán mẹ́rin sórí ojú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì yí i sí màmá. Òkùnkùn ti lọ. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí gbòǹgbò tó ní ìlera ká, èyí tó fi hàn pé ẹran tó ń so eyín mọ́ eegun ti padà sí ipò rẹ̀, yí ṣóńṣó tí a gé ká láì já. Ipò kìíní. Mo rò ó bóyá kí n tún ya CBCT láti rí bí eegun apá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe dí tó, mo sì fi í sílẹ̀: eyín ò dùn wọ́n, ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti x-ray kékeré lọ, owó rẹ̀ àti ọ̀nà Èkó sì wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ì bá fi hàn mí tó máa mú kí n ṣe nǹkan míì.

Ṣé atọ́nà ló wò wọ́n sàn? Rárá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó máa wá ike kiri. Nígbà tí Setzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ ní ọdún 2010, iṣẹ́ abẹ ọ̀nà àtijọ́ yọrí sí rere fún ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún, ti microscope àti irinṣẹ́ ìgbàlódé fún ìdá 94. Ìyàtọ̀ ńlá yẹn ti wà kí atọ́nà 3D tó gbòde. Rírí ìlà búlúù yẹn àti dídí i pa ló wo eyín màmá sàn. Ohun tí atọ́nà ṣe fún wa ni pé ó mú mi dé ibẹ̀ tààrà láì gbẹ́ eegun kiri, kí ihò tí eegun máa dí lè kéré, kí ètè màmá sì ṣì máa mọ nǹkan lára. Ní eyín iwájú lókè, mi ò ní ná owó aláìsàn lé e.

Nọ́ńbà míì tún wà tí mo sọ fún màmá lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n ti ń dìde. Ní Bern, ní Switzerland, von Arx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí fún: ìdá 83.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló jinná lọ́dún kan, ìdá 75.9 ní ọdún karùn-ún. Àwọn kan jinná, wọ́n sì padà sẹ́yìn láì dùn wọ́n. Màmá padà jókòó.

"Ọdún márùn-ún, Dókítà?"

"Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mà. Fọ́tò kékeré kan péré ni."

Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ní kí n pe ọjọ́ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ka ọjọ́ náà padà fún mi kí wọ́n tó wọ bàtà wọn.